Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè: ọ̀rọ̀ ìgboro tó ń gba Ìdírókò wọ Ìfọ̀nyìn

Ní ọjà Ìgólò lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bá ìyá kan tó ń ta aṣọ níbi tó ti di fóònù rẹ̀ mú bí ẹni di ejò mú. Oníbàárà rẹ̀ kan ní apá Ọ̀tà, tó kó aṣọ àwìn lọ, ló kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ohun tó kọ kò ju ìlà kan lọ: "Mummy no vex, sapa hold me, I go run am next tomorrow." Ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ tí olùkọ́ máa ń yìn nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ó ní òun mọ "hold", òun mọ "run", ó wá jọ pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Sapa ló di oníbàárà náà mú, tí ìyẹn sì fẹ́ sá lọ.

Ìyá lanu. Ó ní: "Ta ni Sapa? Ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù ni àbí duwáànù?"

Àbúrò ọmọ yẹn, tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìdírókò, tí kò tilẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló dé tó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, owó ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ẹ má bínú, àwọn á wá nǹkan ṣe sí i ní ọ̀túnla."

Gbogbo àwa tó wà nídìí ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ orí fóònù rẹ̀ láti àná, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló sì tún di ẹrù mìíràn ránṣẹ́ sí oníbàárà kan náà. Ká ní ó mọ ohun tí sapa ń jẹ́ ní, ẹrù kejì kò bá má kúrò ní ìsọ̀.

A ti ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ ti ba èdè jẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kì í ṣe Nàgó, kì í ṣe Faransé, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní àwọn àgbà kò mọ ohun tó ń lọ láyé. Láti ìgbà tí a ti rí ìyá aláṣọ yìí, ojú tí a fi ń wo àríyànjiyàn náà ti yí padà. A kò ka ọ̀rọ̀ ìgboro sí ohun ìṣeré mọ́, a kò sì kà á sí àrùn. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé nínú ilé kan náà, ọmọ ń sọ ohun tó ṣe pàtàkì lójú òbí, òbí kò sì gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ń gbé. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín agbègbè yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìfọ̀nyìn tiwa, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, bọ́ sí abẹ́ Faransé. Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ní ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pín ilẹ̀, wọn kò rí ẹnu pín. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí ojú yín rí. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé kí wọ́n ṣí ti Ìdírókò padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, wọ́n ń dá ìrẹsì dúró, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró. Ta ló dá orin dúró? Orin Naira Marley, ti Zlatan, ti Olamide ń wọlé lórí fóònù, fíìmù Yorùbá ń wọlé, TikTok ń wọlé, ọ̀rọ̀ sì ń bá gbogbo wọn wọlé láìsan owó orí.

Ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn ọmọ wa kò fi bá ti ìwé mu. Wọn kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́. Ní gáréèjì ni, ní ìsọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, lẹ́nu àwọn awakọ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a jókòó láti tú u wò ni pé ọ̀pọ̀ nínú "Gẹ̀ẹ́sì" náà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Tiwa ni. Ẹ wo "japa". Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan sọ fún wa tìdùnnú-tìdùnnú pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó tuntun ni. A ní kí ó lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà pé kí ni à ń pè ní kí ènìyàn já pa. Ó padà wá, ó ní ìyá àgbà ní ẹni tó sá lọ tí kò wẹ̀yìn ni, pé láti ìgbà tí àwọn ti wà lọ́mọdé ni àwọn ti ń sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìròyìn gbòde pé ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, tí àwọn Òyìnbó fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ti gba japa wọlé. Àbí náà wọlé, ẹ̀bà wọlé, gèlè wọlé, àdìrẹ wọlé, àgbèrò wọlé. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ti kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ Nàìjíríà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dáńfó wà níbẹ̀, bùkà wà níbẹ̀, ọ̀kadà wà níbẹ̀, "next tomorrow" tó da ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa láàmú náà wà níbẹ̀. Kí sì ni "next tomorrow" bí kì í bá ṣe ọ̀túnla tó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹni tó ń ronú ní Yorùbá ló dá a sílẹ̀.

Tòkunbọ̀ pẹ̀lú wà nínú àwọn ti 2020. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wa nínú ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé àwa tí a ń gbé ní ojú ọ̀nà yìí ti rí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ojoojúmọ́ ni à ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ti èbúté Kútọnu bọ̀, tí wọ́n ń lọ sí Nàìjíríà. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí èdè wa kò yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kúrò nílé, ó dé Èkó, ó wọ inú orin, ó dé ìlú Òyìnbó, ó gba ìwé ìrìnnà. Nígbà tó padà dé Ìgólò, a ní a kò mọ̀ ọ́n rí.

Kí àwọn àgbà má sì ṣe bí ẹni pé ọ̀dọ́ ìwòyí ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Ta ni kò mọ ẹnà? Àwọn bàbá wa àti àwọn ìyá wa fi ìró kéékèèké há àárín ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kí ìyá má baà gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a sì ń sọ lójoojúmọ́ láìronú ńkọ́? Zẹ́míjàn, ẹnu àwọn Fọ̀n ló ti wá, ohun tó túmọ̀ sí ni pé "yára gbé mi lọ". Àwàdà ìgboro ni nígbà kan. Lónìí, ó wà nínú ìwé ìjọba. Kpayo náà, epo tí a mọ̀ dáadáa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ìgboro ni, ìyẹn ni pé kì í ṣe ojúlówó. Ẹ lọ wo bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tó tún ní orúkọ mìíràn tó ń pè é.

Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí pé a jẹ́ ọ̀dọ́ ká gbè sẹ́yìn ọ̀dọ́ nínú ohun gbogbo. Ẹ wo "werey". Ọ̀rẹ́ méjì pàdé, ọ̀kan ní "werey!", èkejì ní "oshey!", wọ́n dì mọ́ra. Láàárín àwọn méjèèjì, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n wèrè ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí àdúgbò tí kò sí ilé kan tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà látinú ojú nítorí àìsàn yẹn. A wà níbi ìsìnkú kan tí ọmọkùnrin kan ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lókè réré, ọmọ olóògbé tó ń gba ìtọ́jú sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọmọ yẹn kò dáhùn. Ó wo ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ibi tí ẹ wà kí ẹ tó la ẹnu, ẹ máa wò ó.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ náà wà ńbẹ̀. Ó pọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ ní "opor". Ṣé, wọ́n ń kọ ọ́ ní "shey". Jọ̀ọ́ di "jor". Lẹ́tà r tó wà nídìí "opor" yẹn, a ti wò ó títí, a kò rí iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ju pé ó ń ṣọ́ ọ̀ kó má baà di o. Ó rọrùn láti fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ? Lápá Nàìjíríà, wọ́n ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Lápá tiwa, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ìbílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ọ́ ní ɔ àti ɛ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò jókòó sí kíláàsì kan rí tí wọ́n ti fi ọ̀kankan nínú méjèèjì hàn án. Ohun tí fóònù fún un ló fi kọ èdè ìyá rẹ̀, ó sì gbìyànjú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an la fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fara balẹ̀ sí báyìí.

Bí ọmọ yín bá ń sọ tọ̀sán-tòru pé òun fẹ́ "japa", kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń kọrin. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé òun á mú un gba orílẹ̀-èdè Niger, gba aṣálẹ̀, gba Líbíà, títí dé etí òkun tó kọjú sí Ítálì. Òkun yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Kuwait tàbí Lẹ́bánónì ni wọ́n ń tà fún un bí ẹni ń ta góòlù. Ìyá tó gbọ́ "japa" tó rò pé orúkọ ijó ni yóò kàn rẹ́rìn-ín. Ìyá tó mọ̀ ọ́n yóò ní: "Jókòó síbí. Ọ̀nà wo? Ọ̀dọ̀ ta ni? Èló ni wọ́n ní kí o mú wá?"

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó dà bí ọ̀rọ̀ ọjà, tó sì jẹ́ pé ọ̀fìn ni. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ kíláyéǹtì. Oníbàárà ni, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ yàhúù, àwọn tí a ń pè ní gaïman lọ́dọ̀ wa, "client" ni ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní jìbìtì. "Maga" ni ẹni tó ti kó sọ́wọ́ wọn. "Format" ni irọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Bí wọ́n bá ní àwọn ti "cash out", owó ẹlẹ́ni ti dé ọwọ́ wọn nìyẹn. Ọmọ lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, kó máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú yín pé client òun fẹ́ sanwó lónìí, kí ẹ sì máa ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́run á bùkún ọjà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni. Láti ọdún 2018 ni òfin ayélujára ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí, ọdún kan náà ni wọ́n sì dá ilé ẹjọ́ CRIET sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà ti rán ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lẹ́wọ̀n lórí jìbìtì orí ayélujára, àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń sọ níwájú adájọ́ pé àwọn rò pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe. A kò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá pe "cash out" ni olè. Àwọn kan tó kan gba owó iṣẹ́ oṣù wọn náà ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó ṣòro. Ẹ má gbá ọmọ létí nítorí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ bi í léèrè ohun tó túmọ̀ sí, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Àwọn kan ti ń sọ pé kí ilé ẹ̀kọ́ fòfin de ọ̀rọ̀ ìgboro. A kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ kan gba ìgboro Nàìjíríà kan: "No gree for anybody", ìyẹn ni pé má gbà fún ẹnikẹ́ni. Agbẹnusọ ọlọ́pàá Nàìjíríà jáde, ó ní ọ̀rọ̀ náà léwu, pé ó lè dá rúkèrúdò sílẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Ó wọ ara aṣọ, ó wọ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà.

Àwọn bàbá tó lọ ilé ìwé Faransé láyé ọjọ́un á sì rántí sìnyáàlì, ohun kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn bó bá ṣèèṣì sọ èdè ilé rẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé. Ó di kó máa ṣọ́ ẹnu ọmọ mìíràn kó lè rí ẹni gbé e fún. Èdè kò tìtorí rẹ̀ kú, ìtìjú nìkan ló kù lọ́kàn àwọn ọmọ. A kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́ lábẹ́ orúkọ kankan.

Ohun tí a fẹ́ kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe yàtọ̀. Ìdánwò BEPC ní Gẹ̀ẹ́sì nínú, ẹni tó ń yẹ ìwé wò kò sì mọ Ìdírókò. Bí ọmọ bá kọ "next tomorrow", tàbí tó kọ "I dey come" nígbà tó fẹ́ sọ pé òun ń padà bọ̀, bírò pupa ló máa pàdé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìdírókò gbọ́ ohun tí ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọ́, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì mọ ohun tí yóò gbé e jókòó sí ọ́fíìsì. Kí ló dé tí olùkọ́ kò lè kọ méjèèjì sójú pátákó, kí ó fi ọ̀túnla ti Nàgó sí àárín, kí ó ní: eléyìí ni ti ọjà, eléyìí ni ti ìdánwò? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, ohun tí ènìyàn bá sì fi ẹ̀rín kọ́ kì í tètè gbàgbé.

Ní tiwa, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú ewé yìí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ ìgboro kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ó sọ ibi tó ti wá, ohun tó túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni rere àti lẹ́nu ẹni tó ní nǹkan lábẹ́ aṣọ, àti ohun tí olùkọ́ fẹ́ kí ẹ kọ dípò rẹ̀. Sapa la ó fi bẹ̀rẹ̀. Òbí tí kò lè kà á, kí ó fún ọmọ rẹ̀ ní fóònù kí ìyẹn kà á sí i létí. Bí ọmọ bá yarí pé ohun tí a kọ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé bó ṣe rí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa.

Ìyá aláṣọ ti Ìgólò náà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀túnla pé, oníbàárà rẹ̀ mú ìdajì owó wá, ó tún ní kí wọ́n di ẹrù fún òun. Ìyá kò bá a jà. Ó pe ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ó ní kí ó bá òun tẹ èsì sórí fóònù náà, kí ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ó kà á sí i létí: "Mama no gree."